Ẹ dá sí i o: mo fẹ́ fi ọparun bo àwọn ẹ̀rọ púùlù ẹ̀yìnkùlé wa (Houston)

OmoEgba_Katy

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé kan ní Katy lẹ́bàá Houston níbí, ilé náà ní púùlù lẹ́yìnkùlé, inú wa dùn, àwọn ọmọ ò fẹ́ jáde nínú omi mọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn ẹ̀rọ tó ń bá púùlù ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù, fíltà gàgàrà kan, hítà tó ń lo gáàsì, paípù funfun tó lọ́ káàkiri bí ìfun ewúrẹ́, gbogbo ẹ̀ wà ní ọ̀kánkán ibi tá a máa ń jókòó sí gan-an. Ẹ bá jókòó kẹ́ ẹ máa jẹ súyà yín jẹ́jẹ́, òun lẹ ó máa wò. Ìyá ọkọ mi sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, a fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún wọn ní ẹ̀yìnkùlé yìí.

Mo wá rí ọparun tí wọ́n fi wáyà so pọ̀ tí wọ́n ká jọ, wọ́n ń tà á ní Home Depot, ẹsẹ̀ bàtà 6 ni gíga ẹ̀. Ọkọ mi ní ká ṣáà rà á ká fi wé e yípo ká so ó pa, ó tán. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kò ní gbóná jù fún ẹ̀rọ? Àbí kí n kúkú gbin ọparun tútù síbẹ̀? HOA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ onílé tó ń ṣòfin àdúgbò, náà rèé, tẹ́ ẹ bá gbé agolo ìdọ̀tí síta ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀ báyìí, lẹ́tà ti dé.

PoolBoy_SugarLand

Aunty, ẹ kú oríire ilé o. Iṣẹ́ púùlù ni mo fi ń jẹun ní Sugar Land níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n má tíì so nǹkan kan pa. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ń mí. Ẹ́ńjìnì pọ́ǹpù ní fáànù lẹ́yìn tó ń fa atẹ́gùn tútù, tẹ́ ẹ bá wé ọparun mọ́ ọn lára pẹ́kípẹ́kí nínú oòrùn August Houston yìí, ooru tó tu jáde náà ló máa tún fà wọlé, kò ní pẹ́ kú. Ti hítà gáàsì ló wá le jù, iná ni wọ́n ń dá nínú ẹ̀, èéfín gbígbóná ń jáde lára ẹ̀, ọparun gbígbẹ sì rèé, kì í pẹ́ gbaná rárá. Ìwé tó bá hítà wá máa sọ iye àyè tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lókè, tí onílé àná ò bá fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún yín, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára irin hítà yẹn kẹ́ ẹ fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ níbí, títí kan èmi.

Lẹ́yìn ìyẹn, àyè ọwọ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lèèyàn máa ń ṣí ìdérí pọ́ǹpù da ewé inú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nù. Fíltà gàgàrà yẹn, tó bá jẹ́ ti kátíríìjì, òkè ni wọ́n ti ń fa kátíríìjì yọ, ó gùn dáadáa, nítorí náà ẹ má ṣe òrùlé kankan síbẹ̀. Àpótí bréékà náà ńkọ́, òfin iná mànàmáná Amẹ́ríkà ní kí àyè ínṣì 36 wà níwájú ẹ̀, kó fẹ̀ tó ínṣì 30, kí nǹkan kan má dí i.

Ṣé ẹ ti wà ní Texas nígbà òtútù February 2021? Iná lọ, pọ́ǹpù dúró, omi inú ẹ̀ di yìnyín, paípù pọ́ǹpù àti fíltà ń bẹ́ káàkiri àdúgbò. Ẹni tó bá tètè yọ èdídí tó wà nísàlẹ̀ pọ́ǹpù kí omi dà jáde ló yọ. Ẹ wá rò ó wò, òru, òkùnkùn, òtútù, kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá píláyà tẹ́ ẹ máa fi gé wáyà ọparun. Iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ bò jàre, tàbí iwájú pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kan, kó jìnnà sí ẹ̀rọ, kí apá kan ẹ̀ sì máa ṣí bí ilẹ̀kùn.

AgbaKapenta_Ibadan

Ìyàwó wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ẹ̀mí ìyá á gùn, wọ́n á fọwọ́ gbé ọmọ yín. Ìbàdàn ni mo wà, kápẹ́ńtà ni mí, mo ti bá àwọn èèyàn fi ọparun bo jẹnẹrétọ̀ àti táńkì omi lóríṣiríṣi. Àbúrò yẹn ti sọ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọparun fúnra ẹ̀.

Ọparun dídùn ni ìṣòro ẹ̀. Èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, tí àwọn bíríkìlà fi ń gun òkè ilé, adùn pọ̀ nínú ẹ̀ tí kòkòrò fẹ́ràn, ẹ ó kàn rí ìyẹ̀fun funfun nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ wo ara ọ̀pá ẹ ó rí ihò tíntìntín, wọ́n ti ń jẹ ẹ́ láti inú nìyẹn. Torí ẹ̀ làwọn kan ṣe máa ń rì í sínú omi odò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí adùn yẹn ṣàn lọ. Èmi, oògùn borax pẹ̀lú boric acid ni mò ń lò, nǹkan bíi kílò 5 nínú omi lítà 100, a ó ti lu oríkèé inú ọ̀pá jákèjádò kí omi ẹ̀ lè dé ibi gbogbo, á wà níbẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi oògùn sí i. Ẹ wo wáyà tó so ó pọ̀ náà, torí wáyà ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, ìpẹtà á mú un, gbogbo ẹ̀ á tú ká nígbà tí ọparun ṣì dúró. Ẹ kàn án mọ́ férémù igi gidi, ẹ má gbà kó máa dá dúró.

Ẹ má jẹ́ kí ìdí ẹ̀ kan ilẹ̀ o, ẹ gbé e sókè bí ínṣì méjì. Bó bá fara kan ilẹ̀ tútù, ìdí ẹ̀ á rà. Oòrùn á sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú láìpẹ́, ìyẹn kì í ṣe àrùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa pọ́n, ẹ máa fi òróró igi kùn ún lọ́dọọdún. Àwọn kan níbí máa ń fi kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì kùn ún kí ikán má bàa jẹ ẹ́, tiyín ní hítà oníná lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dán an wò láéláé.

IyaIbeji_Pearland

Bàbá wa ẹ ṣeun, àmọ́ tèmi ni pé ọparun kíká yẹn ò tọ́jọ́ níbí o. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní July 2024, fẹ́ńsì àwọn aládùúgbò mi ń fò lọ, ti ọparun ni kẹ́ ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Bó bá jẹ́ èmi, igi tí wọ́n tò pẹ̀lú àlàfo láàárín tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni mo máa lò, mo á fi ọparun ṣe ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ojú ò jọra.

Ọparun tútù lẹ béèrè. Ẹ má gbin èyí tó ń rìn! Golden bamboo tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú yẹn, Phyllostachys aurea, gbòǹgbò ẹ̀ ń sá lábẹ́ ilẹ̀ ni, lónìí ẹ̀yìnkùlé yín, lọ́la ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, ibi tí paípù púùlù gbà kọjá ló sì fẹ́ gbà. Wọ́n kà á mọ́ ewéko tó ń gbalẹ̀ ní Texas níbí. Tó bá wù yín dandan, irú ọparun tí wọ́n ń pè ní Alphonse Karr ni kẹ́ ẹ rà, ìyẹn máa ń dì jọ lójú kan, ara ẹ̀ gba Houston. Ó máa gba ọdún díẹ̀ kó tó ki, nítorí náà kò lè bá ọjọ́ ìbí màmá, ewé ẹ̀ á sì máa já sínú púùlù lójoojúmọ́, ẹ ó máa kó o.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnìkan ò tíì sọ. Ẹ wo ibi tí fẹ́ńsì púùlù yín wà sí férémù tẹ́ ẹ fẹ́ kàn. Bí igi férémù bá nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, ọmọdé á rí i bí àkàsọ̀, á fi gun fẹ́ńsì kọjá sínú omi. Ìbejì mi ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa gígun nǹkan. Ẹ jẹ́ kí igi tó dùbúlẹ̀ wà ní ìhà ẹ̀rọ, kí ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ kọjú sí ìta.

OmoEgba_Katy

Ẹ ṣeun gan-an, mo fi gbogbo ẹ̀ han ọkọ mi, wọ́n dákẹ́ 😂. A ti wò ó, hítà wà ní ìpẹ̀kun apá ọ̀tún, nítorí náà apá ọ̀tún àti ẹ̀yìn máa wà gbayawu, iwájú la máa fi férémù méjì bò, ọ̀kan máa ní hínjìsì. Mo ti kọ̀wé sí HOA náà, mo ya àwòrán ẹ̀ sí i, wọ́n ní àwọn á fèsì. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ọparun á bá wa dín ariwo pọ́ǹpù kù? Ó ń han bíi pé ọkọ̀ òfúrufú fẹ́ balẹ̀ ni. Mo sì rò pé mo lè máa kó ike kẹ́míkà pa mọ́ sẹ́yìn ẹ̀.

PoolBoy_SugarLand

Ọparun ò dín ariwo kankan kù Aunty, atẹ́gùn tó ń gba àárín ẹ̀ kọjá náà ni ariwo ń gbà. Pọ́ǹpù yín ló ti pẹ́. Láti July 19, 2021 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn pọ́ǹpù púùlù tuntun má máa jẹ iná bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà báyìí lèèyàn lè yí eré ẹ̀ sílẹ̀ sókè. Tó bá ń sáré ìdajì eré, iná tó máa jẹ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ọ lórí àga. Tí èyí tẹ́ ẹ ní bá kú, irú tuntun yìí ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má tún ra irú ti àtijọ́.

Ti kẹ́míkà, rárá o. Èéfín ásíìdì á jẹ irin hítà àti bréékà láìpẹ́. Èyí tó tún burú ni klórínì oníhóró kéékèèké, ìyẹn cal-hypo, tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábílẹ́ẹ̀tì klórínì tí wọ́n ń pè ní trichlor tí òjò sì rọ sí wọn, tí wọ́n bá pàdé ara wọn wọ́n lè gbiná, wọ́n lè bú gbàmù. Ẹ fi wọ́n síbi gbígbẹ tí atẹ́gùn wà, kí wọ́n jìnnà síra, kọ́wọ́ ọmọdé má tó o. Ẹ̀yìn ọparun yẹn, ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń kó ewé nìkan ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀.