Ọjọ́ ìkómọjáde pé, ọmọ ṣì wà lábẹ́ iná

Ìyá Ayọ̀, Ogbómọ̀ṣọ́

Ohun tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún ni "ẹ kú ewu ọmọ." Mo sáré wálé láti ilé-ìwòsàn pé kí n wẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa ní Sábó dìde kí mi, ojú wọn sì ń wá ẹ̀yìn mi. Kò sí ọmọ níbẹ̀. Mo ní "ewu iná kì í pa àwòdì," mo wọlé, mo sunkún títí omi ìwẹ̀ fi tutù.

Ọmọ mi kejì ni, ọkùnrin. Oṣù rẹ̀ pé, mo sọ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí i pé funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí n fún un ní omi glúkóòsì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì rẹ̀, oorun ló ń sùn ṣáá, kò fa ọmú mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá ti pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró tó bí mo ṣe dúró. Oòrùn àárọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ iná búlúù tí wọ́n gbé ọmọ mi sí abẹ́ rẹ̀, omi glúkóòsì ò sì dín nǹkan kan kù.

Nígbà tí a gbé e padà sílé-ìwòsàn, wọ́n gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nọ́mbà bilirubin rẹ̀, ìyẹn nǹkan pípọ́n inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ojú àti ara ọmọ pọ́n, jẹ́ 21. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́ lára ọmọ ló ń tú nǹkan pípọ́n yẹn jáde, pé tó bá pọ̀ jù, ó lè wọ ọpọlọ, ó sì lè ba etí jẹ́. Tí kò bá wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, ó ku ìlédìí nìkan, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú.

Lórí kọ́ridọ̀ ni mo ti pàdé ìyá kan láti Ìkòyí-Ilé tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ jó ọmú kí wàrà tó dà, ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sántòru. Ó tún ní kí n yé bi nọ́ọ̀sì pé "ṣé ó máa yè?" nítorí ẹnu wọn ò lè gbé e. Kí n máa bèèrè pé "nọ́mbà rẹ̀ ti di mélòó?" Ìbéèrè yẹn ló gbé mi ró. 21. 19. 16. Lóru ọjọ́ kan iná lọ, gbogbo àwa ìyá dákẹ́ lọ gbári títí jẹnẹrétọ̀ fi gbéra.

Ìgbà náà ni dókítà bi wá bóyá a fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Inú àpótí ìyá ọkọ mi ni aṣọ Ayọ̀ ti wà láti ọdún méjì, káńfọ̀ sì kún ibẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ò wo ojú wọn ní odindi ọjọ́ kan, mo sì fẹ́ kó dùn wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ ní àìtó G6PD, ìyẹn èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í gba òórùn káńfọ̀. Mo bèèrè ibi tó ti rí i. Dókítà ní ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ọmọkùnrin ti ń gbà á. Mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Nígbà tí mo jáde, ìdí ẹ̀rọ omi ni mo ti bá ìyá ọkọ mi, wọ́n ń fọ gbogbo aṣọ náà, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo fa ìkan jáde nínú báàfù, a jọ ń fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Bàbá Ayọ̀ fẹ́ sún ìsọmọlórúkọ síwájú, ṣùgbọ́n ìyá wọn ní ọmọ ò gbọdọ̀ máa jẹ́ "ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹrin." Nọ́ọ̀sì gbà kí a wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A fọwọ́. Kò sí ohun tí a lè fi kàn án lẹ́nu, nítorí náà ìyá ọkọ mi fúnra wọn ló tọ́ oyin wò dípò rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Àkànní. Àkànní ọmọ Àjílété." Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo mọ̀ pé ọmọ tuntun a máa na ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ náà.

Bàbá Ìbejì, Ọ̀yọ́

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀sẹ̀ 32 oyún ni wọ́n bí tèmi. Táíwò wọn kílò 1.6, Kẹ́hìndé 1.3. Gbogbo ẹni tó bá pè mí ń bèèrè ìyá ìbejì, wọ́n ń bèèrè ọmọ. Èmi ń sùn nínú mọ́tò níwájú ilé-ìwòsàn, mo ń ka owó.

Lọ́jọ́ kan Mátírọ́ọ̀nù ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé Kẹ́hìndé lé mi láyà, ara kan ara, wọ́n fi ọ̀já dè wá pọ̀. Wọ́n ní Bogotá ní Kòlóḿbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ amúmọmóoru ò kárí, pé bàbá náà lè ṣe é. Mo ń bẹ̀rù láti mí. Ọmọ náà ń mí ní tirẹ̀, kíákíá-kíákíá, bí ẹyẹ. Mo ń pè é ní Ẹdúnjobí títí ọwọ́ mi fi kú tipiri, tí wọ́n wá gbà á.

Ìyá Ayọ̀

Bàbá Ìbejì, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n dá wa sílẹ̀. Wọ́n kọ àwọn oògùn tí kò gbọdọ̀ lò sínú káàdì rẹ̀, primaquine, oògùn ibà kan, wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń tọ́jú káàdì náà. Inú àpótí yẹn ló wà báyìí.