Ikùn kọ́ ló ń sọ̀rọ̀: èsì sí “afikùnsọ̀rọ̀”

Ẹ̀yin ará mi, mo kí tàgbà tèwe.

Mo ti ń wo ìjà yìí bọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé London ti béèrè pé kí ni ká máa pe àwọn tí òyìnbó ń pè ní ventriloquist, àwọn tó máa ń gbé ọmọláńgidi lé itan lórí amóhùnmáwòrán, tí ọmọláńgidi á máa já wọn lọ́rọ̀, tí ètè tiwọn ò ní mì. Ọ̀gá wa olùkọ́ èdè ní “afikùnsọ̀rọ̀” ni, pé òun ti ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ ò tíì parí o. Ọ̀gá, ẹ jù mí lọ, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí n tó lanu, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, àwọn ọmọ wa á sì há a sórí.

“Fi” yẹn ló ń bí mi nínú. Lédè wa, ohun tí a bá fi ṣe nǹkan, òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́. A fọwọ́ jẹun, ọwọ́ ló ń wọ inú àwo. A fojú rí i, a fẹsẹ̀ rìn ín, a fẹnu sọ ọ́. Ta ló fi ikùn sọ̀rọ̀ rí? Iṣẹ́ tí mo mọ̀ mọ́ ikùn ni kó máa kùn bí ebi bá ń pa olówó rẹ̀. Ẹ pe ẹnìkan ní afikùnsọ̀rọ̀ níwájú ìyá mi, yóò bi yín bóyá inú rírun ló ń ṣe é. Ẹnìkan tiẹ̀ ti ní ká fi “inú” rọ́pò “ikùn”, kí ọ̀rọ̀ lè rọ̀. Kò rọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ inú ni èyí tí èèyàn ò sọ síta. Ẹni tó ń kùn sínú kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Àwọn tí à ń wí yìí, owó tí èèyàn san láti gbọ́ wọn ni wọ́n fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí ikùn ti wá gan-an. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló gbà pé ẹ̀mí kan máa ń wọ ikùn ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, tí á sì máa fọhùn látibẹ̀. Àwọn tó tú Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríìkì tiẹ̀ pe obìnrin Ẹ́ńdórì tí Sọ́ọ̀lù lọ bá lóru ní orúkọ yẹn, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ikùn. Látìn gbà á lọ́wọ́ Gíríìkì, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Látìn, ọ̀gá wa wá gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Kí ló wá kan Yorùbá nínú àṣìrò onílé-onílé?

Ẹ lọ wo fídíò Darci Lynne, ọmọ ọdún 12 tó gba ipò kìíní nínú ìdíje America's Got Talent lọ́dún 2017, níbi tí Petunia, ọmọláńgidi ehoro rẹ̀, ti ń kọrin. Kámẹ́rà sún mọ́ ọn débi pé èèyàn lè ka eyín rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ètè là díẹ̀, eyín òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tìsàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ahọ́n ló ń sáré lẹ́yìn eyín, ọ̀fun ló ń yí ohùn. Ẹ wá wo ojú rẹ̀: bí ehoro bá gbé ohùn sókè, ó yí sí i bí ẹni tí ẹnu yà, ibi tó bá sì wò làwa náà ń wò. Ìdajì iṣẹ́ yẹn, ojú ló ń ṣe é. Ẹ óò ní èémí ń ti ìsàlẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe ń ti ìsàlẹ̀ wá fún gbogbo olórin, a kò sì pe ẹnikẹ́ni ní afikùnkọrin.

Wàhálà wọn, ètè ni. Àwọn tó ń ṣe é lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi d rọ́pò b, t rọ́pò p, n rọ́pò m, wọ́n á wá yára sọ ọ́ kí etí olùgbọ́ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Tiwa ńkọ́? Ẹ pa eyín pọ̀ báyìí, kí ètè má mì, kẹ́ ẹ sọ pé “Bàbá mi gbé bàtà mi”. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni “Dàdá ni gé dàtà ni”. Ọmọ mi tó wà nínú yàrá kejì gbọ́ ọ, ó ní ta ló gbé bàtà. Ẹ rí i pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò yẹ̀ rárá: ọ̀fun ni wọ́n ti ń wá, wọn ò kan ètè. P àti gb tiwa náà, k àti g ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá mú ètè kúrò, “pẹ̀lẹ́” á di “kẹ̀lẹ́”, “gbogbo” á di “gogo”, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á sì mọ ohun tí ẹ ń wí. Dùndún tí kò ní ètè rárá ń ki ọba lójoojúmọ́. Mo ń dúró de ọ̀dọ́ wa tó máa gbé iṣẹ́ yìí lọ sórí amóhùnmáwòrán pẹ̀lú Yorùbá pọ́ńbélé. Èdè wa rọrùn fún un ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Arákùnrin wa ní Kútọnu mú “asọ̀rọ̀láìyanu” wá. Ó sàn ju ti ọ̀gá lọ, ṣùgbọ́n ìyanu tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ máa da èèyàn láàmú, wọ́n á ní ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ ìyanu ni. Yàtọ̀ síyẹn, ó lé Edgar Bergen síta. Lórí rédíò ni Bergen àti Charlie McCarthy, ọmọláńgidi rẹ̀, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1930, ètè Bergen sì ń mì, gbogbo ayé mọ̀, Charlie fúnra rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ lọ́dún 1938 Hollywood fún un ní Oscar tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé. Bí a bá gba láìyanu, a ti ní ẹni tó gbayì jù nínú iṣẹ́ náà kò mọ iṣẹ́.

“Amérefọhùn” lèmi fi síwájú yín, mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀. A ti ní agbẹ́gilére, ẹni tí igi ń di ère lọ́wọ́ rẹ̀. A ti ní amóhùnmáwòrán, a sì mọ iṣẹ́ tí “mú” ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá wá mú ère náà fọhùn ńkọ́? Kí ẹni tó kọ ọ́ ní “amérefohùn” lánàá jọ̀wọ́ dá àmì abẹ́ ọ yẹn padà fún mi. Fohùn ni ti fohùnṣọ̀kan, “fi ohùn” ló wà níbẹ̀. Fọhùn ni tèmi, “fọ̀” kan náà tó wà nínú ògbufọ̀ ni, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló fẹ̀yìn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ò lè ní ẹ ń gbèjà èdè kẹ́ ẹ máa ju àmì rẹ̀ nù lójú pópó.

Wọ́n ní Señor Wences ńkọ́, ọmọ Sípéènì tí Ed Sullivan máa ń gbà lálejò nígbà kan lórí ètò amóhùnmáwòrán rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìkúùkù ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń kùn létè, tí á fi àtàǹpàkò ṣe àgbọ̀n ìsàlẹ̀, tí á dé wíìgì lé e, ó di Johnny. Wọ́n ní ọwọ́ nìyẹn, ibo ni ère wà? Wọ́n ní Nina Conti ńkọ́, ará Bìrìtìkó tó máa ń fi ìbòjú bo ẹnu èèyàn ẹlẹ́ran ara nínú àwọn òǹwòran, tí á sì máa bá a sọ̀rọ̀ tí kò ní lọ́kàn. Èsì mi ni pé ohun tí a bá ṣe bí èèyàn, tí kò ní ohùn tirẹ̀, ère ni nígbà náà, ìbáà jẹ́ ìkúùkù, ìbáà jẹ́ ọkọ ìyàwó. Ẹni tó ní ká pè é ní “amóhunfọhùn” kó lè gba gbogbo wọn, ẹ fi àmì kan péré kún un, ó di “amóhùnfọhùn”, à ń yípo.

Arábìnrin wa ní Houston ní “ère” ń dún bí òrìṣà létí òun, òun ò lè sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ ilé ìjọsìn. Mi ò mọ èyí tí màá dáhùn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe dárúkọ òrìṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá bàbá mi. Ọ̀sanyìn, oníṣègùn ewé, olójú kan, ọlọ́wọ́ kan, ẹlẹ́sẹ̀ kan, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹni tó ń bọ ọ́ ní ère kékeré, bí ẹ bá lọ ṣàyẹ̀wò lọ́dọ̀ rẹ̀, látibi ère ni ohùn tín-ín-rín náà ti ń jáde. Àwọn Lukumí, ìran Yorùbá ní Kúbà, gbé e débẹ̀, Osaín tiwọn náà kò ní ju ojú kan àti ẹsẹ̀ kan lọ, wọ́n sì ní èyí tó ń sọ̀rọ̀ láti inú igbá. Bàbá bàbá mi kì í ní Ọ̀sanyìn “sọ̀rọ̀”. “Ọ̀sanyìn fọhùn” ló máa ń wí. Mi ò fi àwọn awo wé eléré amóhùnmáwòrán o, kẹ́nikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ ìjà ẹ̀sìn: Darci Lynne, ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, fẹ́ ká mọ̀ pé òun ló ń kọrin, awo ní òrìṣà ló ń fọhùn. Ọ̀rọ̀ tí àgbà fi pè é ni mo ń tọ́ka sí, ó sì ti wà nílẹ̀ kí WNTV, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn lọ́dún 1959.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní amérefọhùn ò lè pe orúkọ ara rẹ̀ láìmi ètè, nítorí m àti f, yóò di “anéresọhùn”. Òótọ́ ni. Afikùnsọ̀rọ̀ náà ní f.

Ọ̀gá, orí “fi” nìkan ni kẹ́ ẹ ti dá mi lóhùn. Ẹ fi ọdún tẹ́ ẹ ti fi kọ́ni sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, a ti ka ìyẹn.