Ẹsẹ̀ ọkọ̀ eré àtijọ́: kí lẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kí ẹ tó gbé e wọ pápá?

Oní-MX-5:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ (suspension, ìyẹn àwọn irin, sípírìǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀) ni mo fẹ́ ká jọ sọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ eré tó ti dàgbà tí a ṣì fẹ́ fi máa sáré ní pápá. Kí olúkúlùkù sọ ohun tó bá pàdé. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi lélẹ̀.

Mazda MX-5 ìran àkọ́kọ́ ni mò ń wà, irú èyí tó jáde ní 1989. Kò tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àámù (apá irin tó di táyà mú) méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, nítorí náà táyà lè tẹ ilẹ̀ dáadáa bí ara ọkọ̀ bá tiẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ètò tó dára gan-an ni. Àmọ́ inú búṣì onírọ́bà (òrùka tó wà níbi tí àámù ti so mọ́ ara ọkọ̀) ni gbogbo àámù yẹn ti ń yí, rọ́bà sì ń gbó, yálà à ń wa ọkọ̀ tàbí a gbé e pamọ́ síbi tí òjò ò ti lè pa á.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e dé pápá, bí mo bá ti tẹ bíréèkì le, imú rẹ̀ á yà díẹ̀ sí òsì kó tó tún ara rẹ̀ tò. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù láàárín kọ́nà, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó tẹ̀lé imú. Gbogbo ẹni tó bá mi wọ̀ ọ́ ló ní kí n lọ ra coilover (ṣọ́ọ̀kì tí sípírìǹgì yí ká, tí a lè yí gíga rẹ̀). Mo gbọ́, mi ò gbà. Sípírìǹgì líle kò lè mú àámù tí búṣì rẹ̀ ti là dúró sójú kan. Bí àámù bá ń sún síwá sẹ́yìn, camber (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta) ń yí, toe (bí iwájú táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta) ń yí, gbogbo ohun tí ẹ fi ẹ̀rọ àláínmẹ́ǹtì tò á ti dàrú nígbà tí ẹ bá fi wọ kọ́nà kìíní. Sípírìǹgì líle tún ń dá kún un, torí ohun tí rọ́bà ì bá ti rọra gbà á dé bá a lójijì.

Mo tú gbogbo àámù sílẹ̀. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà o! Àwọn bóòtù tí wọ́n fi ń yí camber àti toe ti dípẹtà mọ́ inú irin búṣì, òróró tí mo fọ́n sí wọn kò ran wọn, iná tí mo yọ́ sí wọn kò ran gbogbo wọn. Ayùn ni mo fi yanjú àwọn tó ṣe orí kunkun. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó ti ra bóòtù tuntun sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan èyí àtijọ́.

Ní ti irú búṣì, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: rọ́bà tuntun, polyurethane, tàbí bọ́ọ̀lù onírin tí kò ní rọ́bà kankan. Bọ́ọ̀lù onírin kì í fà, kì í sún, ṣùgbọ́n gbogbo ariwo ilẹ̀ á wọlé bá yín, eruku sì ń tètè jẹ ẹ́. Polyurethane le ju rọ́bà lọ, àmọ́ ó nílò gíríìsì, bí gíríìsì bá tán á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Rọ́bà líle ni mo mú fún ọkọ̀ tí mo ṣì ń wà lọ sílé láti pápá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí, torí mẹkáníìkì tó pọ̀ ni kì í ṣe é. Búṣì onírọ́bà kì í yọ̀ nínú ihò rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ irin inú àti irin òde, bí àámù bá ń lọ sókè sódò, rọ́bà náà ló ń lọ́. Bí ẹ bá fún bóòtù rẹ̀ le nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà á ti lọ́ gan-an lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ lá ṣe wà títí á fi ya. Gíga ọkọ̀ pàápàá á yí padà. Ẹ fi ọwọ́ fún wọn díẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, ẹ tì í síwá sẹ́yìn kó jókòó, kí ẹ tó wá fún wọn le.

Lẹ́yìn búṣì àti àláínmẹ́ǹtì nìkan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ lórí rẹ̀, ọkọ̀ náà ti yàtọ̀. Imú kò yà mọ́ bí mo bá tẹ bíréèkì. Ìgbà yẹn ni mo tó wá ra coilover, mo sì mọ ohun tí mò ń wá lára rẹ̀.

Ohun tó kù nípa MX-5 ni pé àyè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti rìn kéré, pàápàá lẹ́yìn. Bí ẹ bá rọ̀ ọ́ sílẹ̀ jù, á jókòó lórí bump stop (rọ́bà tó ń dá ẹsẹ̀ dúró ní òpin ìrìn rẹ̀) láàárín kọ́nà, sípírìǹgì á dà bí èyí tó ti le lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí ọkọ̀ á sì já. Mo so okùn oníke tín-ín-rín mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan kí n lè rí ibi tí ó rìn dé lẹ́yìn ìsáré. Ibi tí okùn bá dúró sí kì í parọ́. Ìjókòó orí ṣọ́ọ̀kì ti ìran kejì, tó jáde ní 1998, ni mo fi sí i, ó sì fún mi láyè díẹ̀ sí i.

Oní-E30:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àlàyé yín dùn, àmọ́ ẹ̀yin ní àámù méjì. BMW E30 ni tèmi, MacPherson ni iwájú rẹ̀: àámù kan nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ mú lókè. Bí irú ọkọ̀ yìí bá tẹ̀ nínú kọ́nà, táyà òde ń bá a tẹ̀, èjìká táyà á sì máa jẹ. Lójú tèmi, táyà àti camber ló yẹ kó ṣáájú búṣì. Mo fi camber plate (irin tó ń jẹ́ kí a lè yí camber) sí orí ṣọ́ọ̀kì, mo gbé iwájú lọ sí nǹkan bíi digírì mẹ́ta sí inú, táyà tí èjìká rẹ̀ máa ń parẹ́ wá ń jẹ déédéé. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná gún táyà lẹ́sẹ̀ kan náà tí ẹ bá wọlé: inú, àárín, òde. Bí òde bá gbóná ju inú lọ dáadáa, camber kò tíì tó.

Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ṣáájú mi ti gé sípírìǹgì rẹ̀ kó lè rẹlẹ̀. Ó rẹwà lójú, àmọ́ kò ṣeé wà. Àámù ìsàlẹ̀, tó yẹ kó tẹ́ tàbí kí orí rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ táyà rẹlẹ̀ díẹ̀, ti kọjú sókè. Tí MacPherson bá ti rí bẹ́ẹ̀, roll center (ojú ibi tí ara ọkọ̀ ń yí lé bó bá tẹ̀) ń sọ̀ kalẹ̀ ju bí ara ọkọ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ yẹn lè wá máa tẹ̀ ju èyí tó ga lọ. Apá sítíárìn náà kò bá àámù rìn mọ́, nítorí náà gbogbo gálọ́ọ̀pù ló ń fa sítíárìn lọ́wọ́ mi. Mo gbé ọkọ̀ náà sókè padà, mo sì fi irin kékeré tó ń ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì sísàlẹ̀ sí i. Ó ga ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ó ń yára jù wọ́n lọ.

Ẹ̀yìn E30 kò ní ibi tí a ti ń yí camber tàbí toe láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá rọ̀ ọ́ sílẹ̀, ohun tó bá fún yín lẹ máa gbà, àfi kí ẹ jó ibi ìyípadà mọ́ ọn.

Ẹ má sì ṣe da nọ́ńbà sípírìǹgì ọkọ̀ ẹlòmíràn kọ o. Sípírìǹgì ẹ̀yìn mi wà nínú, ó jìnnà sí táyà. Ká ní táyà rìn mílímítà 10, tí sípírìǹgì rìn 7 péré, líle tí táyà ń gbà kò tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára sípírìǹgì, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa fi 0.7 sọ ọ́ di púpọ̀.

Oní-MX-5:

Àbúrò, mo gbọ́ ti táyà, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n camber digírì mẹ́ta lórí àámù tó ń sún, ṣé digírì mẹ́ta náà ló ṣì jẹ́ nínú kọ́nà? Ẹ wo búṣì ẹ̀yìn àámù iwájú E30 yín dáadáa, ibẹ̀ ni mo gbọ́ pé ó máa ń kọ́kọ́ lọ.

Oní-E30:

Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà fẹ́ borí.

Oní-944:

Ẹ̀yin tí ẹ ní sípírìǹgì, ẹ ń gbádùn. Irin gbọọrọ ló wà lẹ́yìn Porsche 944 mi, lílọ́ ni irin náà ń lọ́ dípò sípírìǹgì. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Líle rẹ̀ ń tẹ̀lé ìnípọn rẹ̀ tí a bá kọ lẹ́ẹ̀mẹrin tí a sì fi sọ ara wọn di púpọ̀: bí irin bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nípọn sí i, ó ti fi nǹkan bíi 46 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Mílímítà díẹ̀ tí kò jọ nǹkan kan lójú ló máa sọ ẹ̀yìn di pákó.

Láti yọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìdí ọkọ̀ lẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn igun rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí eyín kan lára àwọn eyín orí irin náà tí ẹ bá fi ṣì í tò báyìí, apá òsì á ga ju ọ̀tún lọ. Ti òsì kì í wọ ọ̀tún. Ẹ má sì jẹ́ kí irinṣẹ́ ha ọ̀dà ara irin náà, torí ibi tó bá ti ha ni ìpẹtà ti ń wọlé, ibẹ̀ náà ni yóò ti ṣẹ́.

Ìkìlọ̀ kan fún oní-944 tó ní àámù alumíníọ̀mù níwájú: bí ọkọ̀ bá rẹlẹ̀ jù, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì á dé òpin ibi tó lè yí dé, ọ̀pá rẹ̀ á sì máa gba wàhálà tí wọn ò dá a fún. Ó lè ṣẹ́ lórí eré. Mi ò rọ tèmi sílẹ̀ kọjá ibi tí mo fi ojú ara mi rí i pé ó ṣì ní àyè.

Oní-MR2:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. MR2 àkọ́kọ́, ti 1984 sí 1989, ni mo ní, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn ìjókòó mi. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nínú kọ́nà, ìdí rẹ̀ fẹ́ ṣíwájú imú. Ṣọ́ọ̀kì tuntun mi ní ibi tí a ti ń yí i sí líle. Ṣé kí n mú ẹ̀yìn le ni àbí kí n sọ ọ́ di rírọ̀?

Oní-MX-5:

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì rárá. Ẹ wọn toe ẹ̀yìn ná, lẹ́yìn náà kí ẹ fi irin gígùn tì táyà ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀pá toe ń sún nínú búṣì rẹ̀. Bí iwájú táyà ẹ̀yìn bá ṣí síta díẹ̀ ní àkókò tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìdí á fẹ́ lọ, kò sí ìyípo ṣọ́ọ̀kì tó lè wò ó sàn. Tí ibẹ̀ bá mọ́, ẹ jẹ́ kí toe ẹ̀yìn wọnú díẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá dé orí ṣọ́ọ̀kì, ẹ yí i dé ibi tó le jù, ẹ wá máa kà á padà láti ibẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Líle jíjáde ṣọ́ọ̀kì (bó ṣe ń dènà nígbà tó bá ń nà padà) tó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè padà sí ilẹ̀ lẹ́yìn gálọ́ọ̀pù, ọkọ̀ á máa rẹlẹ̀ sí i bí gálọ́ọ̀pù bá tẹ̀léra títí á fi jókòó lórí bump stop.

Kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀, tàbí kí ẹ gbé ẹrù tó wúwo bíi yín síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń wọn ìwúwo orí táyà kọ̀ọ̀kan. Iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún tí a bá rò pọ̀, kó sún mọ́ ìdajì gbogbo ìwúwo ọkọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á dára nínú kọ́nà òsì, á sì ya wèrè nínú ti ọ̀tún.

Lẹ́yìn ìsáré àkọ́kọ́, ẹ padà wo gbogbo nọ́ọ̀tì. Mo máa ń fi ọ̀dà fa ìlà kọjá nọ́ọ̀tì àti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ìlà bá ti yẹ̀, ó ti tú díẹ̀ nìyẹn.

Ó ku ẹni tí ẹ̀yìn ọkọ̀ tiẹ̀ jẹ́ ásùlù gbọọrọ kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ẹ wà níbí. Báwo lẹ ṣe ń dá a dúró kó má sún sẹ́gbẹ̀ẹ́?