Re: "Ìtẹ́raẹni": ta ló tẹ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Mo ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká pa "ìrẹ̀lẹ̀" tì tá a bá ń sọ ti ikú Jésù, pé gbogbo ayé ló ń pe ara ẹ̀ ní onírẹ̀lẹ̀ báyìí, ká máa sọ pé "ìtẹ́raẹni", ká sì yọ "ẹbọ" náà kúrò torí epo pupa ń rùn lára ẹ̀, ká fi "ìyọ̀ǹdara" rọ́pò. Wọ́n jù mí lọ o, àmọ́ ẹnu mi ò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní inú "tẹríba" lẹ ti yọ "tẹ́" inú ìtẹ́raẹni. Tẹ́ wo? Tẹ̀ ló wà níbẹ̀, tẹ orí ba, orí tó tẹ̀ lé e ló sọ dò ẹ̀ di re, bí rà ṣe ń di "ra aṣọ". Tẹ́ tí èmi mọ̀, àfi ká tẹ́ ẹní, àbí kéèyàn tẹ́ láàárín ọjà. Bàbá bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ìjọ, tó fi pàṣán kọ́ wa ní àmì ohùn, ẹ lọ sọ níwájú wọn pé "Jésù tẹ́ ara ẹ̀", ẹ ó jìyà!

Ẹnìkan ti ní ó bá a mu, torí ikú ìtìjú ni. Òótọ́ ni, ikú ẹrú ni àgbélébùú lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù, àwọn ará Fílípì tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ ni Róòmù kó àwọn sójà ẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí Pọ́ọ̀lù ní, nínú Fílípì 2:8, "àní ikú orí àgbélébùú", ẹ gbọ́ "àní" yẹn? Àmọ́ ẹni tó tẹ́, ẹlòmíì ló fojú ẹ̀ gbolẹ̀. Ti Jésù, "ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀", kò sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìyọ̀ǹdara ńkọ́? A ń yọ̀ǹda ara wa láti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́jẹ̀ níbẹ̀. Rírú ẹbọ níí gbeni, Yorùbá ti mọ̀yẹn kí Bíbélì tó dé, àwọn tó bá Àjàyí Crowther túmọ̀ ẹ̀ ò sì sá fún un: Róòmù 3:25 ní ètùtù, Hébérù 9:26 ní ẹbọ, Éfésù 5:2 tiẹ̀ ní òórùn ẹ̀ dùn, ẹ̀yin wá ń sọ epo pupa. Ẹlẹ́bọ máa ń fa ewúrẹ́ wá, kóun padà sílé láyọ̀. Ibí yìí, Jésù tó jẹ́ àlùfáà náà ni ẹran. Ẹni tí ò mọ ẹbọ, ibo ni ẹnu á ti yà á?



Ohun tí mo fẹ́ bi àwọn onígírámà ni pé "rẹlẹ̀" náà ti sọ dò ẹ̀ nù, kí ló dé tí "ìrẹ̀lẹ̀" fi gbà á padà tí "ìtẹríba" ò gba tiẹ̀? Ẹni tó bá máa dáhùn, kó má fi ìtẹ́raẹni ṣe àpẹẹrẹ fún mi o.