Kí ló dé tí ọkàn tún ń fa àbúrò mi sí tramadol lẹ́yìn tó ti fi í sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, mẹkáníìkì ni, tramadol ló fi ń gba agbára. Ó ti fi í sílẹ̀ láti ìgbà Iléyá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le púpọ̀: ó ń làágùn, inú ń run ún, gbogbo eegun ń ro ó, kò róorun sùn. Ìyẹn lọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ìsinsìnyí gan-an ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí i jù. Tó bá ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti máa ń rà á, ara rẹ̀ ò ní lélẹ̀ mọ́. Bàbá wa ní aláìnítìjú ni. Mo gbọ́ pé wọ́n ń dán oògùn wò lára eku nítorí irú èyí. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni eku mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?

Ará_Baltimore:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìdúró tì í. Iṣẹ́ eku ni mò ń ṣe ní láàbù. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé eku ò mọ ìtìjú, síbẹ̀ ohun kan náà ló ń ṣe é.

Wọ́n á ki rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn eku. Tó bá tẹ ọ̀pá kan, heroin, oògùn olóró tó jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú tramadol, á wọlé, iná kékeré á sì tàn. Lẹ́yìn náà wọ́n á gba heroin lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá dá eku náà padà sídìí ọ̀pá yẹn tí iná yẹn tún tàn, á máa tẹ ọ̀pá náà bí kò tiẹ̀ rí nǹkan kan gbà. Iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n fi ń mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń fà tó. Ní 2001, Grimm, Shaham àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Baltimore níbí gbé e jáde pé eku tó ti kúrò nídìí kokéènì fún oṣù méjì ń tẹ̀ ẹ́ ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ. Wọ́n rí i lára eku heroin náà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni iná tó ń tàn fún àbúrò yín.

Ní ti oògùn, iṣẹ́ Yasmin Hurd ní New York ni mo fẹ́ràn jù. Ní 2009, wọ́n fún irú eku bẹ́ẹ̀ ní CBD, ohun kan tó wà nínú igbó tí kì í pani bí ọtí. Kò dín heroin tí wọ́n ń gbà kù rárá. Ṣùgbọ́n tí iná bá tàn, wọn ò sáré sídìí ọ̀pá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Ní 2019 wọ́n gbé èsì dídán an wò lára èèyàn 42 tó ti fi heroin sílẹ̀ jáde: ọkàn ò fà wọ́n tó ti àwọn tó gba oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ọ̀pọ̀ oògùn tó ṣiṣẹ́ lára eku ni kò ṣiṣẹ́ lára èèyàn, ìyẹn ló fi wú mi lórí.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ara àbúrò yín ò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá lọ gbé iye yẹn mì lẹ́ẹ̀kan náà, èémí rẹ̀ lè dúró, gìrì sì lè mú un. Mo ti rí i. Clonidine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń dín òógùn àti gbígbọ̀n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kù, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan sí ọkàn tó ń fà. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní UCH, tàbí kí ẹ mú un wá sí Aro.

Ẹ̀gbọ́n_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n ra òróró CBD tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ará_Baltimore:
Ẹ má rà á. Epidiolex ni wọ́n lò fún àwọn èèyàn yẹn, oògùn wárápá tí wọ́n fi CBD ṣe, tí dókítà ń kọ fúnni. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí ohun tó wà nínú ìgò tí wọ́n ń polówó. Ohun tí ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀ rèé: ní 2018, Venniro àti Shaham jẹ́ kí eku yàn láàárín heroin àti eku ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yàn. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín máa dá wà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dókítà tí nọ́ọ̀sì wí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.