Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àwo tánganran àtijọ́ tí mo bi yín

Ẹ kú àdúrótì o. Mo bi yín pé kí ni kí n fi àwọn àwo àti ife tánganran tòkunbọ̀ tí mo ń rà jọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ṣe. Ó ti yanjú.

Ẹni tó ní kí n gbé ife sí iwájú iná gílóòbù, kí n fi ìka sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá, ẹ ṣeun gan-an: òjìji ìka mi hàn kedere lára rẹ̀! Ó jọ pé "bone china" ni, ìyẹn tánganran tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pò eérú egungun màlúù mọ́ amọ̀ rẹ̀. Ó wù mí gan-an.

A ti ń fi wọ́n mu tíì. Èyí tó ní etí wúrà kò gbọdọ̀ wọ máíkíróweefù. Àwọn tó ti sán, yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń kó sí wọn, n kò fi wọ́n jẹun tàbí mu nǹkan, torí òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú ohun dídán ara àwo àtijọ́.

Mo pa á dé síbí.