Ọdún kan péré: ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún ìdájọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà

Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Àwọn èèyàn á máa sáré wá ẹ̀rí kiri, wọ́n á gbàgbé pé òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní AEDPA, tí Bill Clinton fọwọ́ sí lóṣù kẹrin ọdún 1996, ọdún kan péré ló fún ẹni tí kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ dá lẹ́bi láti gbé ẹjọ́ habeas corpus, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ pé kí kọ́ọ̀tù yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àtìmọ́lé òun bófin mu, wá sí kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tó wọ ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ń kà á o. Tí kọ́ọ̀tù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ bá da ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn rẹ̀ nù, tí kò sì tọ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington lọ, ẹ ka ọjọ́ 90 kọjá ná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti ń dojú rú rèé. Tó bá kọ ìwé àtúnyẹ̀wò sí kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ lásìkò, kíkà ọjọ́ á dúró. Ó dúró ni, kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ọjọ́ 300 ti lọ kó tó kọ ọ́. Kọ́ọ̀tù lè fi ọdún mẹ́ta jókòó lé e lórí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ pé rárá, ọjọ́ 65 ló kù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé odindi ọdún kan ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n á wá dé lọ́jọ́ 80, adájọ́ ò sì ní yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò rárá. Tí ìwé ti ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti pẹ́, kò dá ọjọ́ kankan dúró. Ẹjọ́ Pace v. DiGuglielmo ọdún 2005 ló fìdí ìyẹn múlẹ̀.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́. Àfikún díẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní agbẹjọ́rò, ọjọ́ tó fi ìwé lé àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́ ni wọ́n kà sí ọjọ́ tó fi í sílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Ẹjọ́ Houston v. Lack ọdún 1988 ni ìlànà yẹn ti wá. Kó kọ déètì sí i, kó bura sí déètì náà, kó sì lo ọ̀nà tí ẹ̀wọ̀n là sílẹ̀ fún lẹ́tà kọ́ọ̀tù. AO 241 ni fọ́ọ̀mù ẹjọ́ habeas náà. Dọ́là 5 ni owó rẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní in lè tọrọ ìyọ̀ǹda. Owó gan-an ló rọrùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí!

Ẹ má sì da àwọn ẹ̀sùn pọ̀, ìyẹn àwọn ìdí tí ẹlẹ́wọ̀n fi sọ pé ìdájọ́ òun ò tọ́. Tí èyí tí kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ ti gbọ́ àti èyí tí wọn ò tíì gbọ́ bá wà nínú ìwé kan náà, wọ́n lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Tí ọjọ́ bá ti fẹ́ tán, ẹ bẹ adájọ́ kó dá ẹjọ́ dúró ná, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí gúnmọ́ tí ẹ̀sùn yẹn ò fi tètè dé ìpínlẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa ọjọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ló ká mi lára jù. Láti ọdún 1987, nínú ẹjọ́ Pennsylvania v. Finley, ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé kò pọn dandan kí ìjọba fún èèyàn ní agbẹjọ́rò nípele àtúnyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ìpele yẹn gan-an lèèyàn ti sábà máa ń lè sọ pé agbẹjọ́rò òun àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́.

Ohun méjì sì ni ẹjọ́ Strickland v. Washington ọdún 1984 ní kí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fi hàn: pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà kù díẹ̀ káàtó, àti pé ó ṣeé ṣe dáadáa kí ìdájọ́ yàtọ̀ ká ní ó ṣe é bó ṣe yẹ. Ìkejì ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú. “Agbẹjọ́rò mi ò ráyè tèmi” kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwé ìbúra ẹlẹ́rìí tí wọn ò pè ni ẹ̀rí: ohun tó rí, pé ó wà nítòsí lọ́jọ́ ẹjọ́, pé ì bá wá ká ní wọ́n pè é. Ẹni tó wà látìmọ́lé ló máa kó ìyẹn jọ, ní kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀, nígbà àkọ́kọ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ẹjọ́ Martinez v. Ryan ṣí fèrèsé kékeré kan lọ́dún 2012 fún ẹni tí agbẹjọ́rò àtúnyẹ̀wò rẹ̀ ò gbé irú ẹ̀sùn yẹn wá, ẹjọ́ Shinn v. Ramirez fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í pa lóṣù karùn-ún ọdún 2022. Tí agbẹjọ́rò àtúnyẹ̀wò bá jáfara, ọrùn oníbàárà ló máa já lé. Òfin tí Kóńgíréèsì ṣe ni wọ́n túmọ̀ níbẹ̀ o, kì í ṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè, nítorí náà Kóńgíréèsì lè tún un kọ.

* * *

Àwọn ìpínlẹ̀ náà ò kúkú dúró de Kóńgíréèsì. Texas ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Article 11.073 lọ́dún 2013 fún ẹni tí wọ́n fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti yí padà dá lẹ́bi. Ìyẹn ni kọ́ọ̀tù ibẹ̀ fi pàṣẹ ìgbẹ́jọ́ tuntun nínú ẹjọ́ Roark lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó mi ọmọ kékeré jìgìjìgì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kàn so ìwé ìwádìí tuntun mọ́ ẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n tó wá onímọ̀ kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kọ́ọ̀tù, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun tí dókítà sọ, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn ìlà yẹn ni onímọ̀ máa dáhùn níkọ̀ọ̀kan: èyí ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ìdí nìyí.